Ìwọlé Ọ̀fẹ́ Tó Gba 33,000 Won Lọ́wọ́ Mi

3,000 won, owó ilẹ̀ Kòríà, ni owó ìwọlé sí ààfin Gyeongbokgung ní Seoul. Ẹni tó bá wọ hanbok, aṣọ ìbílẹ̀ àwọn ará Kòríà, kì í san án. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo gbọ́ tí mo fi dìde. Nígbà tí màá fi dá aṣọ padà, 33,000 won ti kúrò lápò mi, n kò sì tíì fojú kan inú Gyeongbokgung. Fún akẹ́kọ̀ọ́ tó wá lo sáà kan péré nílẹ̀ onílẹ̀, owó kékeré kọ́ nìyẹn.

Kò sóhun tó le nínú wíwá ibi tí wọ́n ti ń yáni ní aṣọ. Wọ́n pọ̀ rẹpẹtẹ yí ààfin náà ká. 15,000 won fún wákàtí méjì ni wọ́n kọ sára ilẹ̀kùn èyí tí mo wọ̀. Ìgbà tí mo ti bọ́ aṣọ mi tán ni wọ́n tó sọ pé síkẹ́ẹ̀tì náà kò ní rú dáadáa láìsí yẹ̀rì lábẹ́, owó yẹ̀rì sì yàtọ̀: 5,000. Nǹkan ọ̀ṣọ́ irun, 3,000. Ta ló máa dúró nínú ṣìmí kó máa ná ọjà? Mo san án, ṣùgbọ́n inú ń bí mi.

Síbẹ̀, aṣọ náà yẹ mí, ó yẹ mí gan-an ni. Jeogori dà bí bùbá tí wọ́n gé kúrú dé abẹ́ àyà; chima ni síkẹ́ẹ̀tì gbàgẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń so mọ́ òkè àyà. Goreum, ìyẹn ọ̀já méjì tí wọ́n fi ń de jeogori níwájú, ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà so ó: ojú kan ṣoṣo ni wọ́n ń yọ, ìyókù á wá rọ̀ wálẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tú u kí n tó mọ̀ ọ́n so. Láyé àtijọ́, ọmọge tí kò tíì lọ́kọ a máa di irun rẹ̀ ní ẹyọ kan sẹ́yìn, á fi rìbọ́ọ̀nù tí wọ́n ń pè ní daenggi so ìdí rẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń bá mi múra wo irun dídì mi kéékèèké, kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Mo kó gbogbo rẹ̀ jọ, mo lọ́ ọ ní ẹyọ kan, mo ní kó so daenggi mọ́ ọn. Ó pe ẹnì kejì rẹ̀ pé kó wá wò ó.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọjọ́ náà. Gyeongbokgung kì í ṣí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

Wọ́n mọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹnu iṣẹ́ wọn ni ààfin wà, báwo ni wọn ò ṣe ní mọ̀? Wọ́n gbowó mi, wọ́n wọ̀ mí láṣọ, wọ́n ya fọ́tò mi, kò sí ẹnì kan tó ní, "Àbúrò, òní kọ́ o." Mo padà lọ bá wọn. Kòríà mi kò tó fi jà, fóònù ni mo ń tẹ ọ̀rọ̀ sí kó máa bá mi túmọ̀. Mo ní kí wọ́n dá owó mi padà, tàbí kí wọ́n jẹ́ kí n wá lọ́la. Ìyá tó ni ṣọ́ọ̀bù tẹrí ba: joesonghamnida, ẹ má bínú. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Ó tún tẹrí ba, ohùn rẹ̀ kò yí padà, owó kò sì jáde. Ká ní ó pariwo mọ́ mi ni, mi ò bá mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ta ló máa ń gbé ohùn sókè sí àgbàlagbà tó ń tẹrí ba fún un? Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ síbẹ̀. Aago wọn kò dúró ní tiwọn.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wá yá aṣọ ló gbà mí: Changdeokgung, ààfin mìíràn, ṣí, ọjọ́ Ajé ni tiwọn kì í ṣí. Mo fẹsẹ̀ rìn ín, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé chima kó má wọ́lẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni mo wọlé lóòótọ́. Ọkùnrin kan níwájú mi tó wọ jeogori lé jíńsì, wọ́n ní kó lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì. Tòkè tìsàlẹ̀ ni hanbok gbọ́dọ̀ pé. Ààfin tó wà nínú àkọsílẹ̀ UNESCO láti 1997, ìwọ̀nba ìṣẹ́jú díẹ̀ ni mo lò níbẹ̀ kí n tó sáré padà. Mo pẹ́. 10,000 mìíràn.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, lọ́jọ́rú, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù mìíràn. Kí n tó bọ́ bàtà mi ni mo ti ní kí wọ́n kọ iye gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, yẹ̀rì, irun, owó pípẹ́. 20,000 fún wákàtí mẹ́rin, kò sì lé. Aago mẹ́wàá àárọ̀ bá mi ní Gyeongbokgung, níbi tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ti ń gbapò lọ́wọ́ ara wọn pẹ̀lú ìlù. Mo wá wọ àgbàlá Geunjeongjeon, gbọ̀ngàn ìtẹ́ ọba. Òkúta tò sílẹ̀ níbẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún àti òsì, oyè sì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn: ibi tí ìjòyè kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ dúró sí níwájú ọba nìyẹn, àwọn tí kì í ṣe ológun lápá ìlà oòrùn, àwọn jagunjagun lápá ìwọ̀ oòrùn. Ẹni tó bá ti rí bí àwọn ìjòyè ṣe ń mọ àyè wọn láàfin tiwa kò nílò kí wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ fún un. Ọdún 1395 ni wọ́n kọ́ ààfin yìí, iná jó o ní 1592, ó di 1867 kí wọ́n tó tún un kọ́. Mo jókòó síbẹ̀ pẹ́.

Bó bá jẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun lẹ ráyè, ẹ gba Changdeokgung lọ tààrà, ibùdó ọkọ̀ ojú irin Anguk ni kí ẹ sọ̀ sí, kí ẹ sì yá aṣọ nítòsí ibẹ̀. Ẹ má yá ti wákàtí méjì. Owó mi tó wà lọ́wọ́ ìyá yẹn, mo ṣì ń bínú sí i.