Ẹ má tíì dìde

Ẹ̀yin ará wa, tó bá ti ku bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá báyìí kí bọ́ọ̀lù parí, ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ wa kì í dúró mọ́ ní pápá ìṣeré Adámásìngbà n'Ìbàdàn. Mo mọ̀ pé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lẹ ń sá fún. Ibi tí ẹ gbé ọkọ̀ sí ni kí ẹ tún ṣe. Ẹ gbé e jìnnà díẹ̀ sí géètì, kí imú ẹ̀ kọjú sí títì, kí ẹ fẹsẹ̀ rìn dé'bẹ̀. Ẹni tó máa wọ ọkọ̀ èrò náà, kó rìn síwájú díẹ̀ kó tó nawọ́ sí táàsì. Iye tí wọ́n ń pè lẹ́nu géètì kò ṣeé gbọ́. Tí fèrè bá sì dún, ẹ jókòó, ẹ jẹ gúgúrú yín tán, kí èrò dínkù, pàápàá ẹni tó bá mú ọmọdé dání.

Ṣé ẹ rántí Òlíńpíìkì 1996? Brazil ti fi 3-1 ṣíwájú Nàìjíríà wa, Okocha tiwa gbá pẹnáritì, Dida, aṣọ́lé wọn, mú un. Ikpeba dá ọ̀kan padà ní ìṣẹ́jú 78, Kanu fi tiẹ̀ kún un ní ìṣẹ́jú 90, ó sì tún gbá ìkẹrin wọlé ní àfikún àkókò. Ẹni tó ti pa tẹlifíṣọ̀n rẹ̀, ó kú àṣedànù!

Tó bá pọn dandan kí ẹ tètè lọ, ẹ jókòó sétí àtẹ̀gùn látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ dúró kí bọ́ọ̀lù jáde kí ẹ tó dìde, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìdí dí wa lójú.