Kẹ́ ẹ tó kúrò lórí DSLR bọ́ sórí mirrorless

Ẹ tú lẹ́ńsì kúrò lára DSLR, ìyẹn kámẹ́rà onídígí, kẹ́ ẹ wo inú rẹ̀. Dígí kékeré kan wà níbẹ̀ tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ní ìwọ̀n dígírì 45. Òun ló ń darí ìmọ́lẹ̀ tó gba inú lẹ́ńsì wọlé lọ sókè, sí viewfinder, ihò tẹ́ ẹ̀ ń yọjú wò. Bẹ́ ẹ bá tẹ bọ́tìnì, dígí náà á gbéra, shutter, ìbòjú tó wà níwájú sẹ́ńsọ̀, á ṣí, ìmọ́lẹ̀ á wá bọ́ sórí sẹ́ńsọ̀, ohun tó ń gba àwòrán. Kámẹ́rà mirrorless ò ní dígí yìí rárá. Látìgbà tẹ́ ẹ bá ti tan kámẹ́rà ni sẹ́ńsọ̀ ti ń ríran, ohun tó bá sì rí ló ń gbé sójú síkíríìnì kékeré inú viewfinder. Ibẹ̀ ni gbogbo ìyàtọ̀ yòókù ti wá.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù lójú tiwa ni fókọ́ọ̀sì. Nínú DSLR, ẹ̀rọ fókọ́ọ̀sì wà nísàlẹ̀ kámẹ́rà. Dígí kejì tó wà lẹ́yìn dígí ńlá ló ń fi ìmọ́lẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà débẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tó ń gbà dé sẹ́ńsọ̀. Tí ọ̀nà méjèèjì ò bá gùn bákan náà, bó ṣe bíńtín ni, ẹ máa fojú sun ẹyinjú ẹni tẹ́ ẹ̀ ń yà, àmọ́ etí rẹ̀ ló máa hàn kedere. Kẹ́ ẹ lè mọ̀ bóyá ohun tó ń ṣe kámẹ́rà yín nìyẹn, ẹ gbé e sórí tripod, ẹ ṣí lẹ́ńsì dé ibi tó ṣí mọ, bíi f/1.8, kẹ́ ẹ ya rúlà tẹ́ ẹ gbé dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹ kọ́kọ́ fi viewfinder yà á, kẹ́ ẹ wá fi live view, ìyẹn síkíríìnì ẹ̀yìn kámẹ́rà, yà á. Tí ti live view bá hàn kedere tí tàkọ́kọ́ sì rí bàìbàì, AF fine-tune, ètò àtúnṣe fókọ́ọ̀sì inú kámẹ́rà, lẹ máa fi tún un ṣe, lẹ́ńsì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Wàhálà yìí ò sí lórí mirrorless, torí sẹ́ńsọ̀ tó ń ya fọ́tò náà ló ń wá fókọ́ọ̀sì.

Viewfinder mirrorless tún máa ń fi bí fọ́tò ṣe máa mọ́lẹ̀ tó hàn yín kẹ́ ẹ tó tẹ bọ́tìnì. Àmọ́ bẹ́ ẹ bá ń lo fíláàṣì, ká ní ẹ yí kámẹ́rà sí 1/160, f/8 àti ISO 100, ṣe ló máa ṣókùnkùn biribiri, torí kámẹ́rà ò mọ̀ pé fíláàṣì ń bọ̀. Kámẹ́rà ò bà jẹ́ o. Ẹ pa Exposure simulation lórí Canon; lórí Sony, ẹ yí Live View Display sí Setting Effect OFF.

Ní ti lẹ́ńsì, milimítà 44 ló wà láàárín ẹnu kámẹ́rà Canon EF, tó jẹ́ ti DSLR, àti sẹ́ńsọ̀ rẹ̀. Ti RF, tó jẹ́ ti mirrorless, jẹ́ 20. Ìdí nìyẹn tí adápítọ̀ tó ń so lẹ́ńsì EF mọ́ kámẹ́rà RF fi ṣeé lò: àlàfo 24 yẹn ló ń dí, kò sí gíláàsì kankan nínú rẹ̀. Lẹ́ńsì RF ò lè ṣiṣẹ́ lórí DSLR. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní lẹ́ńsì Nikon AF-D, tí kò ní mọ́tò fókọ́ọ̀sì tiẹ̀, ẹ ṣọ́ra: FTZ, adápítọ̀ Nikon, náà ò ní mọ́tò, ọwọ́ lẹ máa fi yí fókọ́ọ̀sì.

Bátìrì ni DSLR fi borí jù. Nínú ìdánwò CIPA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe kámẹ́rà ní Japan, Nikon D850, tó jẹ́ DSLR, ya 1,840 fọ́tò lórí ẹyọ kan. Nikon Z6, tó jẹ́ mirrorless, tí bátìrì tiẹ̀ náà jẹ́ ti ìdílé EN-EL15, ya 310. Ẹ má lọ síbi iṣẹ́ láìní bátìrì méjì sí i lápò.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ lẹ́ńsì, ẹ pa kámẹ́rà ná, kẹ́ ẹ da ẹnu rẹ̀ kọ ilẹ̀, torí sẹ́ńsọ̀ mirrorless wà ní gbangba fún eruku. Àwọn kámẹ́rà bíi Canon EOS R máa ń ti shutter bẹ́ ẹ bá ti pa á. Ẹ má fọwọ́ kan shutter yẹn, ó tètè ń tẹ̀.

Electronic shutter kì í pariwo, àmọ́ ẹ̀sọ̀ ni sẹ́ńsọ̀ fi ń ka àwòrán, látòkè wá sísàlẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ń yí kámẹ́rà kíákíá, òpó tó dúró ṣánṣán á dà bí èyí tó fẹ́ wó. Lábẹ́ iná LED, ìlà dúdú lè dábùú fọ́tò. Bẹ́ ẹ bá ti rí èyíkéyìí nínú méjèèjì, ẹ yí i padà sí mechanical shutter.