Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Máa Ń Dá Kún Àárẹ̀ Òbí Tí Ọmọ Rẹ̀ Ní Ọ́tísìmù

Àṣìṣe tí ó ṣáájú gbogbo àṣìṣe yòókù ni kí òbí máa sọ fún ara rẹ̀ pé òun yóò sinmi nígbà tí ọmọ bá ti ń sọ̀rọ̀, tàbí nígbà tí ó bá ti wọ ilé-ìwé. Ọ́tísìmù kì í ṣe ibà tí a ń lo oògùn sí fún ọjọ́ mẹ́ta. Bí ọpọlọ ọmọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ láti kékeré, lọ́nà tí ó yàtọ̀ sí ti àwọn ọmọ mìíràn, ni, yóò sì bá a dàgbà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nǹkan ni yóò kọ́ bí ọdún ti ń gorí ọdún. Nítorí náà, inú iṣẹ́ náà gan-an ni ìsinmi ní láti wà, kì í ṣe ẹ̀yìn rẹ̀.

Oorun ni ibi tí agbára òbí ti ń tán jù. Ó kéré tán, ìdajì nínú àwọn ọmọ tí ó ní ọ́tísìmù ni oorun kì í rọrùn fún: wọn kì í tètè sùn, tàbí kí wọ́n jí ní òru kí ojú wọn má sì pa dé mọ́ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Kò yẹ kí òbí gbà pé àmúmọ́ra ni èyí, kí ó má sì sọ ọ́ fún dókítà. Inú tí kì í yàgbẹ́ dáadáa lè wà nídìí rẹ̀, tàbí eyín tí ń ro ọmọ tí kò lè sọ ohun tí ń ṣe é, tàbí wárápá, tí ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọmọ wọ̀nyí ju láàárín àwọn ọmọ mìíràn lọ; ìtọ́jú sì wà fún gbogbo wọn. Kò sì yẹ kí ẹnì kan ṣoṣo máa jí lálaalẹ́. Bí àgbàlagbà méjì bá wà nílé, kí wọ́n pín òru ọ̀sẹ̀ láàárín ara wọn, kí ẹni tí kì í ṣe òru tirẹ̀ sì lọ sùn síbi tí igbe kò ti ní jí i.

Ẹ̀bi tí òbí ń dá ara rẹ̀ ti pẹ́ láyé, àwọn oníṣègùn sì lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Ní ọdún 1943, Leo Kanner, dókítà kan ní Amẹ́ríkà, kọ nípa ọmọ 11 tí ó ṣàkíyèsí ọ́tísìmù lára wọn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, àwọn dókítà ń sọ pé àìnífẹ̀ẹ́ ìyá ni ó fà á. Bernard Rimland, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá tí ọmọ tirẹ̀ náà ní ọ́tísìmù, tako èrò yìí nínú ìwé tí ó gbé jáde ní 1964. Lónìí, a mọ̀ pé ohun tí a jogún nínú ẹ̀jẹ̀ kó ipa ńlá nínú rẹ̀. Ìwádìí ọdún 1998 tí ó ní kí a fura sí abẹ́rẹ́ àjẹsára tí a fi ń dènà èéyi pé ó lè fa ọ́tísìmù, orí ọmọ 12 péré ni wọ́n gbé e kà. Ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet tí ó tẹ̀ ẹ́ jáde sì fagi lé e ní 2010. Síbẹ̀, ìyá ṣì wà tí kò lè sùn nítorí pé ó ń ka gbogbo ohun tí ó jẹ nígbà oyún lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá mi, ẹ sọ ẹrù yẹn kalẹ̀.

Nígbà tí ọmọ bá wólẹ̀ tí ń ké, tí ń fi orí gbá ògiri tàbí tí ń já ọwọ́ ara rẹ̀ jẹ, ohun tí ó kọ́kọ́ ń sọ sí òbí tí ó ti rẹ̀ lọ́kàn ni pé oríkunkun ni. Nígbà mìíràn, bẹ́ẹ̀ náà ni, nítorí ọmọ ni ọmọ ń jẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ń sunkún torí ohun tí ó fẹ́ sábà máa ń wojú òbí, a sì máa dákẹ́ bí ó bá rí i gbà. Ọmọ tí ariwo, iná tí ó mọ́lẹ̀ jù, tàbí ìyípadà òjijì ti wọ̀ lára kì í wo ẹnikẹ́ni, kò sì sí ohun tí a fún un tí yóò mú un dákẹ́. Àṣìṣe ni kí a jágbe mọ́ ọn, kí a nà án, tàbí kí a máa da ìbéèrè bò ó, nítorí pé ẹrù ni gbogbo rẹ̀ ń di lé ẹrù. Ẹ dín iná àti ariwo kù, ẹ kó ohun tí ó lè ṣe é léṣe kúrò, ẹ dúró nítòsí, kí ọ̀rọ̀ yín má ju méjì mẹ́ta lọ. Ẹ máa mí síta pẹ́ ju bí ẹ ti ń mí sínú lọ, kí àyà tiyín lè rọlẹ̀.

Bí ó bá ti parí, ọ̀pọ̀ òbí máa ń dìde lọ síbi abọ́ tí wọn kò tíì fọ̀ nígbà tí ara wọn ṣì ń gbọ̀n. Ẹ jókòó ná. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ àkókò, ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀ àti ohun tí ó ṣáájú rẹ̀ sínú ìwé kékeré kan. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó lè hàn pé ìrọ̀lẹ́ ni ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀, tàbí pé ebi ni ó máa ń ṣáájú rẹ̀. Ohun tí a bá ti rí tí ń bọ̀ kì í já òbí láyà bí èyí tí ó dé lójijì.

Ẹ má sì ṣe sáré lẹ́yìn ìwòsàn ojú ẹsẹ̀. Kò sí oògùn tí ń mú ọ́tísìmù kúrò, àwọn tí ń ní kí a fún ọmọ ní omi bílíìṣì mu sì ń ta májèlé.

Àṣìṣe mìíràn tí ó léwu ni kí òbí máa fi ẹ̀rín bo ohun tí ń ṣe é. Bí ìbànújẹ́ bá wà lọ́kàn yín lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí oúnjẹ kò wù yín mọ́, tí ẹ kò sì rí oorun sùn kódà nígbà tí ọmọ bá ti sùn, ẹ lọ rí dókítà fún ara yín. Bí ó bá ń wá sí yín lọ́kàn láti pa ara yín tàbí ọmọ lára, ẹ pe ẹnì kan kí ó wá dúró tì yín, kí ẹ sì lọ sí ilé-ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Àárẹ̀ tí ó ti kọjá ààlà ni ó ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe ìkórìíra ọmọ.

Èyí tí ó kù ni ti òbí tí ń sọ pé kò sí ẹlòmíràn tí ó lè tọ́jú ọmọ òun. Òótọ́ ni, bí kò bá tíì kọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ yan ẹnì kan tí ẹ fọkàn tán, kí ó máa wá jókòó tì yín nígbà tí ẹ bá ń fún ọmọ ní oúnjẹ àti nígbà tí ẹ bá ń wẹ̀ ẹ́. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún un: ife tí ọmọ ń gbà, ariwo tí ó ń bẹ̀rù, ohun tí ó máa ń ṣe bí inú bá ń run ún, nọ́ńbà tí yóò pè. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ẹ jáde fún ìṣẹ́jú 30. Ní ìgbà kejì, ẹ jẹ́ kí ó di wákàtí kan.