Bí Ẹ Ṣe Lè Dá Ẹgbẹ́ Olórin Gothic Rock Sílẹ̀ ní Adó-Èkìtì

Ẹ má fi aṣọ dúdú àti tìróò bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó mọ béèsì ta ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, torí béèsì ló ń gbé orin gothic rock, ìyẹn orin rock tó ṣókùnkùn, rìn. Orí okùn méjì tó tín-ínrín jù ni kó ti máa ta á. Hertz 41, ìyẹn ìgbọ̀n 41 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ni okùn E tó nípọn jù ń dún, àwọn sípíkà kéékèèké tí a ń háyà sóde kì í sì gbé e jáde dáadáa.

Bí kò bá sí onílù, ẹ lo áàpù ìlù orí fóònù. The Sisters of Mercy tó bẹ̀rẹ̀ ní Leeds ní 1980 fi ẹ̀rọ rọ́pò onílù, wọ́n sì sọ ọ́ ní Doktor Avalanche. Ẹ gbé ìlù sí ìgbà 120 ní ìṣẹ́jú kan, kí delay jìtá, tó ń dá ìró padà bíi gbohùngbohùn, wà ní milliseconds 375. Bí ẹ bá yí ìlù padà láìyí delay, jìtá á máa kọsẹ̀. Nínú àwọn pẹ́dà, ìyẹn àpótí kéékèèké tí a ń fẹsẹ̀ tẹ̀ láti yí ìró jìtá padà, distortion tó ń mú ìró ha ló ń ṣáájú, chorus tó ń mú kí jìtá kan dún bíi púpọ̀ tẹ̀lé e, delay gbẹ̀yìn.

Bí ańpù bá ń kùn hùùù, ẹ fi bátìrì 9 volts sí àwọn pẹ́dà. Bó bá dákẹ́, ṣájà tó ń fún àwọn pẹ́dà níná ló fà á. Ẹ má tìtorí kíkùn yìí gé ẹsẹ̀ gígùn púlọ́ọ̀gì, tó ń darí iná sínú ilẹ̀, láé! Iná lè gba ara jìtá kọjá sí ẹnu ẹni tó di máìkì mú, kó sì pa á.

Orin kíkọ ló gba làákàyè jù. Ohùn ìsàlẹ̀ tó dúró sójú kan ni olórin gothic sábà máa ń lò. Èdè wa kò gbà bẹ́ẹ̀: ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ohùn nìkan ló yà wọ́n. Ẹ wá ìró mẹ́ta tó sún mọ́ra nísàlẹ̀ ọ̀fun, kí ẹ kọ gbogbo ọ̀rọ̀ lé wọn. Ẹ tẹ́tí sí ìrèmọ̀jé àwọn ọdẹ àti alámọ̀ Èkìtì, ẹ ó gbọ́ bí orin ṣe ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀.

Kí ẹ tó ṣe òde àkọ́kọ́, ẹ kọ ìwé àdéhùn. Nígbà tí Wayne Hussey àti Craig Adams kúrò nínú The Sisters of Mercy ní 1985, ìjà orúkọ ló tẹ̀lé e. Ní 1986 ni wọ́n tó di The Mission. Ẹ kọ ẹni tó ni orúkọ ẹgbẹ́, bí owó yóò ṣe pín, àti ohun tí ẹni tó bá kúrò yóò mú lọ. Kí gbogbo yín fọwọ́ sí i, kí kálukú mú ẹ̀dà tirẹ̀.