Àdírẹ́sì tó ń ṣì yọjú nínú ímeèlì yín, bẹ́ ẹ ṣe máa tún un ṣe

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo Thunderbird tàbí Outlook lórí kọ̀ǹpútà, ẹ ti mọ nǹkan tí mò ń wí. Ẹ kàn tẹ lẹ́tà méjì síbi To, àdírẹ́sì kan yọjú, ẹ tẹ Enter, àfi ìgbà tí ímeèlì padà wá pé àdírẹ́sì yẹn ò sí mọ́, tàbí kó tiẹ̀ lọ sọ́wọ́ ẹlòmíì. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí, ìwé owó-oṣù ẹnì kan ni mo fi ránṣẹ́ sí ẹni tí orúkọ wọn jọra, ọkàn mi ò balẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sáré pa gbogbo ẹ̀ rẹ́. Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tó ti ń wá.

Nínú Thunderbird, Address Book ló ti ń mú un. Personal Address Book wà níbẹ̀, Collected Addresses náà wà níbẹ̀, èyí tí Thunderbird fúnra ẹ̀ ń kó ẹni tẹ́ ẹ bá ti kọ̀wé sí sí, ibẹ̀ gan-an sì ni pàǹtí máa ń pọ̀ sí, torí àdírẹ́sì tẹ́ ẹ ṣì tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré ti wà níbẹ̀ nìyẹn. Ẹ tẹ Ctrl+Shift+B, ẹ wá orúkọ yẹn nínú All Address Books, ẹ pa èyí tí ò dáa rẹ́. Tó bá ṣì ń yọjú, ẹ tún wò ó dáadáa, ó lè wà níbi méjì, tàbí kó jẹ́ pé káàdì kan náà (ibi tí wọ́n kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ẹnì kan sí) ló ní àdírẹ́sì tuntun àti ti tẹ́lẹ̀. Èyí tẹ́ ẹ bá sì ń lò jù ló máa ń gòkè, ìdí nìyẹn tí àdírẹ́sì àtijọ́ fi ń wà lókè ti tuntun.

Tí ò bá wá mú nǹkan kan wá rárá ńkọ́? Ẹ lọ sí Settings, Composition, ẹ wá Addressing, kẹ́ ẹ rí i pé ẹ ti máàkì Local Address Books. Ibẹ̀ náà lẹ ti lè ní kó má kó àdírẹ́sì jọ fúnra ẹ̀ mọ́. Tí ìyẹn ò bá ṣiṣẹ́, ó ṣeé ṣe kí fáìlì abook.sqlite, tí Thunderbird ń tọ́jú Personal Address Book sí, ti bàjẹ́. Ẹ ṣí Help, Troubleshooting Information, ẹ ṣí fódà profile yín, ibi tí Thunderbird ń kó nǹkan yín sí, ẹ wá pa Thunderbird dé pátápátá kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan fáìlì yẹn. Ẹ má pa á rẹ́ o, orúkọ ẹ̀ ni kẹ́ ẹ yí padà, kẹ́ ẹ lè rí i dá padà tó bá yá. Thunderbird máa ṣe òmíì tó ṣófo.

Ti Outlook classic, ìyẹn Outlook ti tẹ́lẹ̀ lórí Windows, ò le. Tí orúkọ yẹn bá ti yọjú, ẹ tẹ X tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó tán. Empty Auto-Complete List wà nínú File, Options, Mail, ṣùgbọ́n gbogbo orúkọ tí Outlook ti rántí ló máa kó lọ, bẹ́ẹ̀ ó lè gba tó 1,000 orúkọ, ẹ fi ìyẹn ṣe ìgbẹ̀yìn. Tẹ́ ẹ bá rí kọ́ọ̀dù tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú IMCEAEX nínú ímeèlì tó padà wá, lẹ́yìn tí ibi iṣẹ́ yín yí sáfà padà, àdírẹ́sì àtijọ́ ni Outlook ṣì rántí, ẹ tẹ X, ẹ wá mú orúkọ náà látinú Address Book.

Lẹ́yìn náà ẹ ṣí ímeèlì tuntun, ẹ tẹ lẹ́tà méjì yẹn, ẹ wo ohun tó máa yọjú, ẹ má tíì tẹ Send.