Má Fi Ọpẹ́ Bo Ìrora Mọ́lẹ̀: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Láàárín Àwọn Tí Àìsàn Bárakú Ń Bá Fínra

Ẹni tí àtọ̀gbẹ, làkúrègbé tàbí àìsàn bárakú mìíràn ń bá fínra kì í pẹ́ gbọ́ ìmọ̀ràn yìí: "Ṣáà máa dúpẹ́, ara á tù ọ́." Ìmọ̀ràn náà dáa. Bí ọ̀pọ̀ ṣe ń lò ó ló kù díẹ̀ káàtó. Ọpẹ́ àti òótọ́ ọ̀rọ̀ nípa ìrora ló yẹ kó jọ máa gbé pọ̀. Ọ̀kan ò gbọdọ̀ lé èkejì jáde.

Àṣìṣe tó burú jù lójú tèmi ni kéèyàn máa dúpẹ́ dípò kó sọ ohun tó ń ṣe é. Ẹ wo aláìsàn kan tó jókòó síwájú dókítà. Oríkèé ọwọ́ rẹ̀ ti wú, kò lè ṣí ìdérí ìgò oògùn rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó sì ti pẹ́ tó ti sùn mọ́jú. Dókítà bi í pé, "Báwo ni ara?" Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "A dúpẹ́, ó ti ń sàn." Dókítà kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó ní kó máa lo oògùn tó ń lò bọ̀, ó tún di oṣù mẹ́ta. Aláìsàn yìí ò ní èrò ibi kankan lọ́kàn. Ó rò pé bí òun bá ṣàròyé, wọ́n á pe òun ní aláìmoore ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Kí o tó lọ rí dókítà, kọ ọ́ sínú ìwé: ibi tó ń dùn ọ́, ìgbà tó máa ń le, àti ohun tí o kò lè ṣe mọ́ nítorí rẹ̀. Èyí ni kó o kọ́kọ́ kà fún un. Lẹ́yìn náà, dúpẹ́ tó bó o bá ṣe fẹ́. Bákan náà ni nílé: ẹni tó ń tọ́jú rẹ ò lè mọ̀ pé o kò ní lè gun àtẹ̀gùn lónìí bó bá jẹ́ pé "kò síyọnu" nìkan ló ń gbọ́ lẹ́nu rẹ.

Òmíràn tún ni, "Ìwọ ṣáà ń rìn, àwọn kan ò lè dìde." Àwọn èèyàn ń sọ ọ́ fún aláìsàn, aláìsàn náà sì ń sọ ọ́ fún ara rẹ̀. Ìyà ẹlòmíràn la sọ di ìtùnú yẹn. Ìrora rẹ kò dín nítorí pé tẹnì kan pọ̀ jù ú lọ, bí tìrẹ bá sì wá le sí i lọ́la, kí lo máa fi wé? Ẹ̀yin ẹbí àti ọ̀rẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọpẹ́ pa aláìsàn lẹ́nu mọ́. Ẹ jẹ́ kó sọ tẹnu rẹ̀ tán ná.

Ọpẹ́ kì í ṣe oògùn. Lọ́dún 2003, Robert Emmons àti Michael McCullough, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, gbé ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà. Àwọn àgbàlagbà tí àìsàn iṣan ń bá jà wà lára àwọn tó kópa níbẹ̀, àwọn kan nínú wọn sì ń kọ ohun tí wọ́n dúpẹ́ fún sílẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 21. Inú àwọn wọ̀nyí dùn ju ti àwọn tí kò kọ ọ́ lọ, oorun wọn náà sì dára jù. Fún ẹni tí ara ń ni, ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré. Àmọ́ ìdùnnú àti oorun ni wọ́n rí, kì í ṣe pé àìsàn náà lọ. Nítorí náà, má ṣe tìtorí pé ọkàn rẹ fúyẹ́ kó o wá dín oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kù, má sì yẹ ọjọ́ àyẹ̀wò. Ẹ̀jẹ̀ lè ru gan-an kí nǹkan kan má ṣe ọ́.

Àwọn mìíràn á fi dandan lé e pé nǹkan márùn-ún ni àwọn gbọ́dọ̀ kọ lálaalẹ́. Tó bá wá di ọjọ́ tí ara ò gbé e, wọ́n á da ti àná kọ, tàbí kí wọ́n má kọ nǹkan kan, kí wọ́n wá máa dá ara wọn lẹ́bi. Nínú ìwádìí kan tí Sonja Lyubomirsky, tí òun náà jẹ́ onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde lọ́dún 2005, àwọn tó ń ka oore tí wọ́n rí lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ló jàǹfààní, kì í ṣe àwọn tó ń kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n, wọn kì í ṣe aláìsàn, síbẹ̀ mo gbà pé ó yẹ kó fi ẹni tí agbára rẹ̀ ò tó nǹkan lọ́kàn balẹ̀. Ẹyọ kan tó. Kó ṣáà jẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an. Dípò "mo dúpẹ́ fún ọkọ mi", kọ ọ́ pé ó jí lóru, ó bu omi wá fún ọ kó o tó pè é. Lẹ́yìn náà, sọ ọ́ sí i létí. Ó sàn púpọ̀ ju kó o máa tọrọ àforíjì ní gbogbo ìgbà pé o ti di ẹrù sí i lọ́rùn.

Àwọn ọjọ́ kan á wà tí o kò ní rí ohun kankan dúpẹ́ fún. Fi ọjọ́ yẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá tó ọ̀sẹ̀ méjì tí ọkàn rẹ ti wúwo, tí ohun tó o máa ń gbádùn ò wù ọ́ mọ́, má fi ọpẹ́ kún ọpẹ́. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn sábà máa ń bá àìsàn bárakú rìn, ó sì ní ìtọ́jú tirẹ̀. Sọ ọ́ fún dókítà láìfi bọpo bọyọ̀. Bó bá sì ń ṣe ọ́ bíi pé ikú yá ju ayé yìí lọ, má dúró de ọjọ́ àyẹ̀wò: pe ẹnì kan lónìí, kó wá jókòó tì ọ́, kó sì bá ọ dé ilé ìwòsàn.