Ilẹ̀kùn gáráàjì oníná tó ń ké lásìkò ọyẹ́: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ilẹ̀kùn gáráàjì wa ní Tánkẹ̀, èyí tó ní ọ̀pá gígùn onísúkúrúù lókè, ń han gooro láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé. Ó ń gbọ̀n, nígbà mìíràn á dúró lágbedeméjì. A fi kọ̀ńdẹ́ḿ ọ́ìlì sí i, ó dákẹ́ díẹ̀, ló bá tún bẹ̀rẹ̀. Ṣé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú ni?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì ra ẹ́ńjìnnì o. Ẹ́ńjìnnì ló ń yí ọ̀pá yẹn. Ìdìmú tó gbá ìlà ọ̀pá náà mú á sì máa fa ilẹ̀kùn lọ, á fà á bọ̀. Gíríìsì àtijọ́ tó wà nínú ìlà yẹn ni eruku ọyẹ́ ti wọ̀, ó ti ki bí ọṣẹ dúdú tí iyanrìn bọ́ sí. Kọ̀ńdẹ́ḿ ọ́ìlì tí ẹ dà lé e tún bà á jẹ́ sí i ni: ìdọ̀tí ọkọ̀ tí wọ́n ti yọ ọ́ ṣì wà nínú rẹ̀, ó ń kán sílẹ̀, ó sì ń fa eruku mọ́ra.

Ẹ nu ún ná. Ẹ ti ilẹ̀kùn, kí ẹ yọ wáyà rẹ̀ kúrò lára iná, kí ẹ tó gun àkàbà. Ẹ fi àkísà nu ọ̀pá náà, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó họ inú ìlà rẹ̀. Bí ìdọ̀tí bá le, ẹ fi kẹrosíìnì díẹ̀ sára àkísà, ẹ má dà á sí ọ̀pá. Ibi tí ìdìmú dúró sí nítòsí ilẹ̀kùn kò ní ṣeé dé. Ẹ dá iná padà, ẹ ṣí ilẹ̀kùn, ẹ tún yọ wáyà, kí ẹ wá nu ibẹ̀. Ẹ má fa okùn pupa, èyí tó ń tú ilẹ̀kùn kúrò lára ẹ̀rọ, nígbà tí ilẹ̀kùn wà lókè. Bí sípíríǹgì tó ń gbé ìwúwo ilẹ̀kùn bá ti rẹ̀, ilẹ̀kùn lè já lé èèyàn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi gíríìsì lítíọ́ọ̀mù funfun sí i fẹ́ẹ́rẹ́, àyàfi bí ìwé tó bá ẹ̀rọ náà wá bá dárúkọ òmíràn. Ẹ ṣí i, ẹ tì í lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ó lè tàn ká. Ẹ nu èyí tó bá kóra jọ.

Ìbéèrè: WD-40 ńkọ́?

Ìdáhùn: Ó dára láti fi tú ìdọ̀tí. Kì í pẹ́ gbẹ, kò lè ṣe iṣẹ́ gíríìsì.

Ìbéèrè: Ṣé kí n fi gíríìsì sí irin ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tí táyà kéékèèké ń yí lórí rẹ̀?

Ìdáhùn: Rárá, ẹ nù ún lásán. Ìkọ́ ilẹ̀kùn àti àárín táyà ló ń fẹ́ ọ̀rá díẹ̀.

Ìbéèrè: A ti ṣe gbogbo rẹ̀, ẹ ṣé. Ariwo ti lọ, ṣùgbọ́n lálẹ́ ó ṣì ń dúró lọ́nà.

Ìdáhùn: Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ lórí jẹnẹrétọ̀, iná ìjọba tó ń rẹ̀ lálẹ́ ni. Bí ó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ náà, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ fa okùn pupa, kí ẹ fi ọwọ́ gbé e dé ìbàdí. Ó yẹ kó dúró síbẹ̀. Bí ó bá wúwo tàbí ó ń wálẹ̀, sípíríǹgì ni. Ẹ pe oníṣẹ́, ẹ má fọwọ́ kàn án. Bí ó bá sì fúyẹ́, ẹ wo ilẹ̀ abẹ́ ọ̀pá: bí ẹ bá rí ègé rọ́bà funfun wẹ́wẹ́, eyín ìdìmú ti jẹ, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.